Ta Ló Ń Tú Gáàsì Sílẹ̀ Lóru Nínú Yàrá Ọ̀gbìn Mi?

ÌBÉÈRÈ

Manchester ni mo ń gbé. Òtútù ìlú yìí kì í jẹ́ kí ewébẹ̀ ilé wa rí ara gbé níta láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin, ni èmi àti ọkọ mi bá sọ gáréèjì wa di yàrá ọ̀gbìn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin, ìbú rẹ̀ mẹ́ta, gíga rẹ̀ méjì àbọ̀. A dí gbogbo ojú ihò ara rẹ̀, a so iná LED mọ́ òkè, a sì kan àpótí pákó mẹ́ta tí a kó ilẹ̀dú sí; ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà méjì, ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ewédú, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ata àti tòmátì ló wà níbẹ̀. A kì í tú ilẹ̀ náà rárá. A kó ekòló sínú rẹ̀, a fi koríko gbígbẹ bò ó, bí a bá sì ń kórè, a máa ń gé ewébẹ̀ nídìí ni, a ó fi gbòǹgbò sílẹ̀ kó jẹrà. Nítorí pé afẹ́fẹ́ òde kì í wọlé, wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé ká ra sìlíńdà CO2 kí ewébẹ̀ lè rí gáàsì tó máa lò.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni à ń pa iná. Èmi fúnra mi ni mo ń ti sìlíńdà pa, mítà tó ń wọn CO2 inú yàrá á sì máa ka nǹkan bí 900. Bí mo bá wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀, 1,600 ni mo ń bá. Ta ló tú gáàsì sílẹ̀ lóru? Ọkọ mi ní sìlíńdà ló ń jò. Àbúrò mi ọkùnrin ní gáàsì ti pọ̀ jù nínú ilẹ̀, pé yóò pa àwọn ekòló, ká yáa gbé fọ́ọ̀kì ọgbà ká tú ilẹ̀ náà kó lè mí. Ṣé ká tú u ni? Ẹ má bínú bí ìbéèrè yìí bá kéré.

Olùkàwé yín ní Manchester

ÌDÁHÙN

Ìbéèrè yín kò kéré rárá. Ẹni tó ka mítà lálẹ́, tó tún kà á láàárọ̀, tó wá béèrè ohun tó fa ìyàtọ̀, iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe yẹn. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí fọ́ọ̀kì tó wọ ilẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: gáàsì ń pọ̀ sí i nínú yàrá tí ẹ ti ti sìlíńdà ibẹ̀ pa, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá, àti bóyá àmì àìsàn ni. Ilẹ̀ yín ló ń mí. Ewébẹ̀ yín náà sì ń bá a mí. Ara ilẹ̀ náà le, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń jẹun. Ẹ má tú u.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, pé ewéko ló ń gba CO2 tí àwa ń mí jáde. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti kú, ewé ò lè se oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lo èyí tó ti sè lọ́sàn-án láti fi dàgbà, òun náà á sì máa mí CO2 jáde bíi tiwa. Ilẹ̀ ní tirẹ̀, tọ̀sán-tòru ló ń tú gáàsì yìí jáde. Lọ́sàn-án, ewé ń gbé e mì bó ṣe ń jáde, mítà kì í rí i. Lóru, kò sẹ́ni tó ń gbé e mì, ẹ sì ti dí gbogbo ihò yàrá. Ẹ mọ bí yàrá tí èèyàn mẹ́wàá sùn sí láìṣí fèrèsé ṣe máa ń rí nídàájí. Bí yàrá ọ̀gbìn yín náà ṣe rí nìyẹn.

Ta wá ni àwọn tó ń mí nínú ilẹ̀ yìí? Ẹ lọ gbé koríko gbígbẹ yẹn sókè díẹ̀díẹ̀ ní igun àpótí kan. Koríko tó wà lókè gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Èyí tó fara kan ilẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, ó ń já sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ óò rí okùn funfun tín-ín-rín tó nà láti ara koríko wọ inú ilẹ̀. Ara olú inú ilẹ̀ ni, ẹ má ṣe nù ún kúrò. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ lè rí ewé kan tí ìdajì rẹ̀ ti wọ inú ihò, tí ìdajì tó kù sì dúró lóòró: ekòló ló ń fà á lọ sílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ni ìgbẹ́ ekòló wà ní òkìtì kéékèèké. Gbogbo wọn, pẹ̀lú bakitéríà tí ojú wa ò lè rí, ni wọ́n ń jẹ koríko àti gbòǹgbò tí ẹ fi sílẹ̀ kó jẹrà; gbòǹgbò ewébẹ̀ tó ṣì wà láàyè náà ń jẹ ṣúgà tí ewé ń fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá ń jẹun gbọ́dọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, torí ìṣirò ni yóò tẹ́ ọkọ yín lọ́rùn. Yàrá yín gba nǹkan bíi lítà afẹ́fẹ́ 30,000. Iye tí mítà ń kà ni ìpín CO2 nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́. Láti 900 dé 1,600 jẹ́ 700, èyí tó túmọ̀ sí lítà CO2 21 péré nínú gbogbo yàrá náà, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ní ọ̀rinrin díẹ̀, bó bá gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, kò ṣòro fún un láti mí nǹkan bí ìdajì gíráàmù jáde ní wákàtí kan. Irú rẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú àpótí yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gíráàmù mẹ́ta ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́wàá òru, jẹ́ 30. Ẹ wá fi ti ewé kún un. Ẹ rí i pé kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan tó kù tí sìlíńdà ní láti ṣàlàyé.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ọkọ yín bọ́gbọ́n mu, ó sì rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú sìlíńdà náà kúrò lára rọ́bà rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ gbé e síta gbangba ní ìdúró. Bí mítà bá tún ka nǹkan bí 1,600 láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ sìlíńdà mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ẹ bá sì tún un so, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á yí gbogbo oríkèé rẹ̀ po, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó. Ibi tó bá ń jò á máa yọ ìfófòó tó ń wú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ọ̀rọ̀ àbúrò yín, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè ṣe àṣìṣe tó máa gba oṣù mélòó kan kó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì tú ilẹ̀ náà lónìí, iye tí mítà máa kà lóru òní á ga sí i. Oúnjẹ pọ̀ nínú ògúlùtu ilẹ̀ tí ọwọ́ bakitéríà ò tó. Bí a bá fọ́ ògúlùtu náà, tí afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀ lójijì, gbogbo wọn á bo oúnjẹ yẹn, wọ́n á sì máa mí kíkankíkan. Èyí tó yẹ kó bọ́ ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ á wá jó dànù sínú afẹ́fẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ óò tún ti gé okùn funfun tí mo ní kí ẹ wò yẹn, àti okùn olú mìíràn tó tín-ín-rín débi pé ojú wa ò lè rí i. Okùn kejì yìí ló máa ń wọnú gbòǹgbò ata, tòmátì àti ewédú, á máa bá wọn fa omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì láti ibi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ò lè dé, ewéko á sì fi ṣúgà san owó iṣẹ́ fún un.

Ilẹ̀ yín sì ti ní ẹnu tó fi ń mí. Àwọn baba wa ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ihò ekòló ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Fọ́ọ̀kì á wó gbogbo rẹ̀ pa.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá tó dàgbà sídìí ebè àti poro láti gbà pé ilẹ̀ tí a ò tú lè so. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ló ń fi ẹnu àdá gún ihò lásán, tí wọ́n á ju àgbàdo sí i, tí wọ́n á fẹsẹ̀ dí i. Ìbàdàn wa náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti fi ìwádìí gbe ọ̀nà yìí lẹ́sẹ̀. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà, dé IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ní ọdún 1970, ibẹ̀ ló sì ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀gbìn láìtúlẹ̀ àti bíbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ òjò ilẹ̀ olóoru. Ní ọdún 2020, òun ni wọ́n fún ní World Food Prize. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń ṣe ní Manchester kì í ṣe àjèjì sí ilé.

Ṣé gáàsì yẹn lè pa ekòló? Rárá. Láti ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òde lónìí ní CO2 tó lé díẹ̀ ní 420 nínú mílíọ̀nù. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró yèèpẹ̀, níbi tí ekòló ń sùn sí, sáàbà máa ń ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti òde. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré jù níbẹ̀: 4,000 ti kọjá ohunkóhun tí mítà yín tíì kà. 1,600 inú yàrá yín, afẹ́fẹ́ tútù ni lójú ekòló.

Ohun tó lè pa wọ́n ni ooru àti àkúnya omi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo CO2 máa ń jẹ́ kí yàrá wọn gbóná tó 28 tàbí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí ewé tó rí gáàsì tó pọ̀ lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀. Ekòló pupa tí wọ́n ń tà fún ìsọdilẹ̀dú kò fẹ́ràn kí ilẹ̀ ju nǹkan bíi 25 lọ. Bó bá fi lè kọjá 35, kíkú ni wọ́n ń kú. Ẹ jẹ́ kí koríko orí ilẹ̀ nípọn tó ìbú ọwọ́ kan, ẹ sì ki òṣùwọ̀n ooru sínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ fi kọ́ sára ògiri kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ti omi, yàrá tí ẹ dí pa kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ. Bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ tí omi ń kán láàárín ìka yín, ẹ dá omi dúró.

Bóyá ìbéèrè tó kàn tó máa wá sí yín lọ́kàn ni pé: bí ilẹ̀ bá ń mí tó báyìí, kí ni à ń ra sìlíńdà sí? Ohun tí ilẹ̀ ń fúnni lọ́sàn-án kò tó ewé jẹ ni. Lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ewé sì ti ṣú bo ilẹ̀, ewébẹ̀ orí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan lè fa nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta CO2 ní wákàtí kan. Ìdajì gíráàmù ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń fún un. Ẹ tan iná ní aago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú 1,600 yẹn, kí ẹ má fọwọ́ kan sìlíńdà. Nǹkan bí aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, mítà á ti wálẹ̀ sí 1,000. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ewébẹ̀ á ti jẹ ẹ́ wálẹ̀ dé iye ti òde, bóyá kó tiẹ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n nínú yàrá tí iná ti ń mọ́lẹ̀ yòò. Bí ewé ò bá tíì ṣú, ó máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rí èrè tó wà níbẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ kó jọ fún yín lóru, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣí sìlíńdà ní kété tí ẹ bá tan iná. Ẹ dúró kí mítà bọ́ sísàlẹ̀ 1,000, kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń ṣí i fúnra rẹ̀, 1,000 ni kí ẹ fi í sí. Ewébẹ̀ bíi ewédú àti tòmátì máa ń jèrè púpọ̀ láàárín 800 sí 1,000. Bó bá ti ń kọjá 1,500, owó gáàsì lásán ni ẹ ń ná. Ẹ sì ṣe dáadáa tí ẹ kì í tú u sílẹ̀ lóru, torí ewé ò lò ó nígbà yẹn.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún gáàsì yìí, ìwọ̀n tí ekòló ń gbé inú rẹ̀ kò dára fún èèyàn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn tí ẹ lè fi mọ̀ pé ó ti dé, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kún. Ní Britain, ìlànà ibi iṣẹ́ ni pé kí èèyàn má ṣe wà nínú èyí tó ju 5,000 lọ fún wákàtí mẹ́jọ, tàbí èyí tó ju 15,000 lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilẹ̀ yín ò lè gbé e dé ibẹ̀ lóru kan. Sìlíńdà lè gbé e dé ibẹ̀, kó sì kọjá rẹ̀ fíìfíì: bí sìlíńdà kílò mẹ́fà kan bá tú gbogbo inú rẹ̀ sínú yàrá bíi tiyín, ó máa ju 100,000 lọ, èèyàn á sì dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, CO2 ló tú jáde láti inú Adágún Nyos ní Cameroon, tí kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, ó ṣàn lọ sínú àfonífojì, ó sì pa nǹkan bí 1,700 èèyàn, ọ̀pọ̀ wọn lójú oorun.

Ẹ wá gbé sìlíńdà náà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lóde yàrá, kí ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ ògiri, kí rọ́bà nìkan máa wọlé. Ẹ ra mítà tó ní agogo ìkìlọ̀, kí ojú rẹ̀ wà níta kí ẹ lè kà á kí ẹ tó wọlé. Bó bá dún, ẹ má wọlé lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ti sìlíńdà pa láti ìta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì gbayawu, kí gbogbo ará ilé jáde. Bí ọmọ bá wà nílé, ẹ sọ èyí fún wọn pẹ̀lú. Àwọn kan tún máa ń dáná sun gáàsì ìdáná láti fi rí CO2; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nínú ilé, torí èéfín mìíràn tó burú jù ú lọ lè bá a jáde.

Ó ku tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kó CO2 jọ sínú ewé kó tó lò ó, bíi ti àgbàdo àti ìrèké, nítorí náà afẹ́fẹ́ òde lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Kò burú kó wà níbẹ̀, àmọ́ gáàsì tí ẹ ń rà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní àǹfààní. Bí àyè bá há, ẹ gbin òmíràn sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá yá, kí ẹ fi ewédú àti ṣọkọ sí àyè rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń yọ èyí tó wà nínú àpótí, ẹ gé e nídìí, kí gbòǹgbò rẹ̀ wà níbi tó wà.